Abẹ̀bẹ̀ Tí Wọ́n Fi Ń Bo Ojú

Láti ìgbà tí mo ti dé, gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ló ń béèrè bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ń jẹ ejò ní Tàìláǹdì. Àwọn ìbátan bàbá mi tilẹ̀ gun ọ̀kadà láti Upenmen wá nítorí ejò yìí nìkan. Ẹ má bínú, mi ò rí ejò jẹ. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún yín, nítorí pé ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu mi bí èèyàn bá pọ̀ nílé. Bí ẹni méjì bá ti gbójú lé mi báyìí, ohun tí mo fẹ́ sọ á sá wọ inú lọ. Ìwé kì í wo èèyàn lójú. Mi ò kàwé lọ títí. Kí àwọn tó mọ̀wé bá mi tún un ṣe níbi tó bá ti wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀ kí n tó lọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́. Èmi fúnra mi ni mo sọ pé mo fẹ́ di Sìsítà, obìnrin tó fi ara rẹ̀ fún Ọlọ́run láìlọ́kọ. Mo máa ń gbé fùfú lọ fún àwọn Sìsítà nílé wọn ní Ọ̀wọ̀. Ọgbà wọn dákẹ́, ògiri rẹ̀ ga, kò sẹ́ni tó ń pariwo pe ẹnì kejì. Mo rò ó pé ibẹ̀ ni irú mi lè gbé tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní tó mi. Mọ́dà ni a ń pe olórí wọn. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ sọ fún un, ó wò mí títí, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo fẹ́ fi ayé sílẹ̀ ni, àbí ayé ló ń lé ọ?”

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ rò ó. Àsìkò náà ni Àǹtí Fúnkẹ́, àbúrò ìyá mi, ránṣẹ́ pé òun bímọ, pé òun ń fẹ́ ẹni tí yóò bá òun gbé ọmọ. Òun àti ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ Àkókó, ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Òyìnbó ní ìlú kékeré kan ní Tàìláǹdì. Mọ́dà ní kí n lọ. “Nígbà tí o bá dé, wá fún mi lésì ìbéèrè yẹn.”

Ṣùgbọ́n ìyá mi kò dúró de èsì kankan. Kí páásípọ́ọ̀tù mi tó jáde, gbogbo ìlú ti ń pè é ní Ìyá Sìsítà dípò Ìyá Bọ́sẹ̀dé. Ẹ mọ bí ó ṣe rí ní ìjọ wa: ìyá Fáda ní àyè tirẹ̀ ní bẹ́ńṣì iwájú, òun ni a ń kọ́kọ́ kí, òun ni a ń kọ́kọ́ bù fún. Ìyá mi kúrò ní ẹ̀yìn níbi tí a ti ń jókòó láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ó lọ jókòó ti ìyá Fáda. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde. Nítorí náà, èsì tí mo gbé lọ sókè òkun láti lọ rò, kì í ṣe tèmi nìkan mọ́. Àyè ìyá mi wà nínú rẹ̀.

Bí a ṣe dé ọ̀hún

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ bàálù dá yín lágara. Ooru ibẹ̀ ló kọ́kọ́ pàdé mi, ó sì jọ ooru ilé, nítorí náà ara mi kò kọ̀ ọ́. Ojú ni ara mi kọ̀. Ní ìlú yẹn, bí mo bá jáde lọ ra ata, ọjà á dákẹ́. Ìyá kan tó ń ta ewébẹ̀ di ọwọ́ mi mú, ó fi àtàǹpàkò ra á, ó wo àtàǹpàkò náà bóyá nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ọn, ó wá rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní ọsàn lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ìkórìíra nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń wá ibi tí wọn kò ti ní wò mí ni mo wá bọ́ sí ibi tí ajá pàápàá ń dúró wò mí.

Wọ́n ń kí èèyàn bíi tiwa. “Ṣé o ti jẹun?” ni ìkíni wọn. Wọ́n á pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, wọ́n á tẹrí ba. Èmi kò tíì mọ èyí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo kúnlẹ̀ fún ìyá tó ni ilé tí Àǹtí ń gbé. Ìyá náà pariwo, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jáde.

Mo bi Àǹtí pé, “Kí ló ń sọ?”

“Ó ní ta ló kọ́ ọ. Ó ní kí àwọn ọmọ òun wá wò ọ́, pé àwọn ọmọ tiwọn ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà.”

Ní ti oúnjẹ, inú yín á dùn. Ìrẹsì wọn ń lẹ̀ mọ́ra. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń bù ú, wọ́n á rún un di òkèlè bí a ṣe ń ṣe iyán, wọ́n á fi run ọbẹ̀. Ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n ni wọ́n ń rẹ́ sínú odó, wọ́n á fi ata àti ẹja kan tí wọ́n ti fi iyọ̀ rẹ sínú ìkòkò gún un. Òórùn ẹja yẹn, ẹ ro irú tó ti gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n sè é. Mo jẹ ẹ́. Wọ́n tún gbé ìrẹ̀ díńdín wá láti fi dẹ́rù bà mí, wọn kò mọ̀ pé ìrẹ̀ la máa ń wú nínú ilẹ̀ lẹ́yìn ilé nígbà tí a wà lọ́mọdé. Mo jẹ àwo náà tán, mo béèrè bóyá ó ṣẹ́ kù. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti gbà mí ní ọmọ.

Ẹni tó ń tọrọ ló dúró

Ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó yọ dáadáa, àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin tó fi ayé sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn wọn, máa ń jáde láti tẹ́ḿpìlì Búdà tó wà lẹ́yìn ilé wa. Orí fífá, aṣọ àwọ̀ ọsàn, ẹsẹ̀ lásán, ìkòkò irin lọ́wọ́. Wọ́n á tò tẹ̀ léra wọn, wọn kò ní sọ̀rọ̀. Àwọn ará ilé á ti kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú oúnjẹ, wọ́n á bù ú sínú ìkòkò wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tó ń tọrọ ló dúró, ẹni tó ń fúnni ló kúnlẹ̀.

Ọjọ́ tí Àǹtí ní kí n lọ bù fún wọn, mo bù ú tán, mo sì dúró lórí ìkúnlẹ̀ mi, mo ń retí. Mọ́ńkì yẹn kọjá. Èyí tó tẹ̀ lé e kọjá.

“Kí lo ń dúró dè?” Àǹtí béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

“Kò tíì sọ pé ẹ ṣé.”

Àǹtí rẹ́rìn-ín débi pé ọmọ jí. “Wọn kì í dúpẹ́. Ìwọ ló yẹ kó o dúpẹ́, pé wọ́n jẹ́ kó o rí ẹni fún. Ìwọ ló gba ìbùkún.”

Mo rò ó ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Ní ilé wa, bí o bá fún aṣiwèrè ní iṣu, á kí ọ.

Ohun mìíràn ni pé obìnrin kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan mọ́ńkì. Bí mo bá fẹ́ gbé nǹkan fún un, á tẹ́ aṣọ kékeré kan sílẹ̀, á di etí rẹ̀ mú, èmi á gbé nǹkan náà lé aṣọ, òun á fà á. Ìyá kan ní àdúgbò wa ní ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ aṣọ náà, ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Mo rí ìyá yẹn tó kúnlẹ̀ tó sì fi iwájú orí kan ilẹ̀ fún ọmọ tó bí. Bí ó ṣe dìde, ojú rẹ̀ ń dán. Mo mọ irú ojú bẹ́ẹ̀. Ojú ìyá mi ni, ní bẹ́ńṣì iwájú.

Ilé ìdáná Mẹ̀ Búà

Nígbà tí ọmọ Àǹtí bá sùn, mo máa ń lọ ran àwọn tó ń dáná ní tẹ́ḿpìlì lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ èdè wọn. Bí ẹ bá bi mí ní orúkọ alùbọ́sà, mo mọ̀ ọ́n, bí ẹ bá bi mí ní ọ̀rọ̀ ìjọba, mi ò mọ nǹkan kan. Mẹ̀ Búà ni olórí ilé ìdáná. “Mẹ̀” ni wọ́n ń pe ìyá. Obìnrin àgbà tó fá orí ni, aṣọ funfun ló ń wọ̀. Òun náà ti fi ayé sílẹ̀, láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge, ṣùgbọ́n wọn kì í ka obìnrin aláṣọ funfun kún mọ́ńkì. Àwọn ló ń sebẹ̀, àwọn ló ń gbálẹ̀. Bí ọmọdékùnrin kan bá wọ aṣọ àwọ̀ ọsàn lónìí, Mẹ̀ Búà á kúnlẹ̀ fún un lọ́la.

Mo kúnlẹ̀ kí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ó ń wọlé, ó ń jáde bí afẹ́fẹ́. Mo sọ nínú ara mi pé, ẹ ò rí i, ohun tí mo ń wá nìyí.

Àwọn mọ́ńkì kò gbọ́dọ̀ yan oúnjẹ. Ohun tí wọ́n bá rí ni kí wọ́n jẹ. Ṣùgbọ́n Mẹ̀ Búà mọ ẹni tí kì í jẹ ewúro wọn, ó mọ ẹni tó fẹ́ràn ìrù ẹja, bí ìyá tó lọ́mọ púpọ̀ ni. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ jẹun lẹ́yìn ọ̀sán títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Mímu nìkan ni wọ́n lè mu. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní kí n lọ ẹ̀wà kan kúnná, kí n pò ó mọ́ ṣúgà àti wàrà.

Mo ní, “Mẹ̀, èyí nípọn bí ògì.”

“Omi ni.”

“Mẹ̀, ṣíbí dúró nínú rẹ̀.”

“Omi tó lágbára ni.” Ó wò mí. “Ṣé mọ́ńkì ni ọ́ ni? Gbé e wá.”

Mọ́ńkì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọ̀dọ́, tó máa ń gbé fóònù ka orí ìkòkò tó fi ń tọrọ, á máa wàásù sínú rẹ̀. Ìwàásù náà dá lórí bí èèyàn ṣe gbọ́dọ̀ gbàgbé ara rẹ̀. Bó bá parí, á mú fóònù náà, á máa wo iye èèyàn tó ti wò ó, ojú rẹ̀ á máa tàn, á máa ṣú, bí ojú òǹtajà tó ń wo òjò. Mo wò ó fún ìgbà pípẹ́ láti ẹ̀yìn ìkòkò. Inú kò bí mi. Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe é.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í díbọ́n ni bàbá arúgbó tí wọ́n ń pè ní Lúàng Tá. Orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tó di mọ́ńkì nígbà ogbó ni, bí ẹni ń sọ pé “bàbá àgbà”. Mo bi í pé kí ló gbé e wá sí tẹ́ḿpìlì.

“Ẹnu ìyàwó mi,” ó ní. “Níbí, mò ń jẹun, mò ń sùn, kò sẹ́ni tó ń bi mí pé níbo ni mo lọ. Bí o bá pàdé rẹ̀ lọ́jà, sọ fún un pé mò ń gbàdúrà.”

Ọbẹ̀ tó gòkè

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti abẹ̀bẹ̀. Àwọn mọ́ńkì ní oyè. Èmi náà kò gbà á gbọ́ nígbà tí Mẹ̀ Búà kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọba ilẹ̀ wọn ló ń fi wọ́n joyè, àmì oyè náà sì ni abẹ̀bẹ̀ ńlá tó ní ọwọ́ gígùn, tí wọ́n fi òwú wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Bí oyè bá ṣe ga sí ni abẹ̀bẹ̀ ń dára sí. Ẹni tó bá ti kọ́ ilé púpọ̀ sínú tẹ́ḿpìlì rẹ̀, tí àwọn àgbà sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, òun ni yóò gòkè. Bàbá Olórí, tó jẹ́ olórí tẹ́ḿpìlì wa, ti ní abẹ̀bẹ̀ kan, ó sì ń wá èyí tó jù ú lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ ilé nínú tẹ́ḿpìlì yẹn láti òwúrọ̀ dalẹ́. Mo rántí Ọ̀wọ̀, mo rántí bí èèyàn ṣe ń sáré oyè, ìlẹ̀kẹ̀ àti fìlà. Mo ní, áà, ibi tí mo ti wá nìyí. Ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè wa kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ti fi ayé sílẹ̀.

Ọjọ́ kan, mọ́ńkì àgbà kan tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ fẹ́ wá wo tẹ́ḿpìlì. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló lè gbé Bàbá Olórí gòkè. Gbogbo ìlú ló jáde. A sebẹ̀ títí ọwọ́ wa fi bó. Àwọn mọ́ńkì jókòó sórí pẹpẹ gígùn ní ìlà kan: àlejò ní orí, Bàbá Olórí tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ títí dé ìdí. Kì í ṣe ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń tò. Oyè ni, lẹ́yìn náà iye ọdún tí èèyàn ti wọ aṣọ. Lúàng Tá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ló kẹ́yìn, lẹ́yìn àwọn tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Èmi kò mọ̀. Mẹ̀ Búà gbé àwo ọbẹ̀ àkọ́kọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Gbé e fún wọn.” Mo wo ìlà náà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé wa, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí yóò ṣe. Mo wá orí tó funfun jù, mo lọ tààrà sí ìdí pẹpẹ, mo kúnlẹ̀, mo gbé ọbẹ̀ síwájú Lúàng Tá.

Ojú gbogbo ìlú wà lára mi, ẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di òkúta. Mo rí Bàbá Olórí tí ojú rẹ̀ fà ro bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Lúàng Tá nìkan ló tẹ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó fa ọbẹ̀ náà sọ́dọ̀, ó ní, “Ó mà pẹ́ kí wọ́n tó fi mí jẹ olórí o.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì. Àlejò ńlá náà béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Àǹtí, Àǹtí sì kúnlẹ̀ dáhùn, ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Ó ní kí ni ọmọ yìí rò tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní nílé wa, àgbà ni a kọ́kọ́ ń bù fún.”

Àlejò náà mi orí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ilé wa dára. Ó ní kí gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ fi mí ṣe àwòkọ́ṣe, pé ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún àgbà ti mọ ọ̀nà. Ó sọ̀rọ̀ náà dùn débi pé àwọn ìyá kan ń nu ojú. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí ọbẹ̀.

Báyìí ni ọbẹ̀ Lúàng Tá ṣe gbéra. Ẹni tó wà lókè rẹ̀ gbà á, ó fi fún ẹni tó wà lókè tirẹ̀, láti ọwọ́ dé ọwọ́, gbogbo ìlà náà, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àlejò. Ó bu tirẹ̀. Ọbẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ ní oyè-oyè. Nígbà tó fi padà dé ìdí pẹpẹ, omi rẹ̀ nìkan ló kù. Lúàng Tá ki ìrẹsì bọ̀ ọ́, ó wò mí, ó sì ṣẹ́jú.

Dígí

Bàbá Olórí gba abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ìlù, ìwọ́de, òdòdó. Wọ́n gbé abẹ̀bẹ̀ náà sórí mọ́tò láàárín ìlú bí ẹni gbé ìyàwó. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mò ń gbá gbọ̀ngàn, mo sì rí i tó dá dúró níwájú dígí àpótí ńlá tí wọ́n ń kó ère sí. Ó gbé abẹ̀bẹ̀ náà síwájú ojú. Ó gbé e sọ́tùn-ún díẹ̀. Ó gbé e sókè díẹ̀. Mo fẹ́ padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ mi kan òpó.

Ó yí padà. Mo rò pé á bínú. Ìtìjú ló mú un, bí ọmọdé tí wọ́n bá nídìí ìkòkò.

“Ṣé ó dára?” ó béèrè.

“Ó dára, Bàbá.”

“Ó wúwo.” Ó jókòó. “Ṣé o mọ ohun tí wọ́n dá a fún? Ní àtijọ́, bí mọ́ńkì bá fẹ́ kéwì àdúrà, á fi abẹ̀bẹ̀ bo ojú, kí èèyàn má baà máa wo òun, kí wọ́n lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ nìkan. Ìbojú ni.”

Mo wo abẹ̀bẹ̀ náà, wúrà rẹ̀ ń kọ yẹ̀rì-yẹ̀rì. Kò sí nǹkan kan nínú gbọ̀ngàn yẹn tí ojú lè wò ṣáájú rẹ̀. Ó rí èrò yìí lójú mi. Ó rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́.

“Àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé wọ́n ní oyè?”

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Mo wá ń ka ìwọ̀nba tí mo mọ̀ fún un: Fáda, lẹ́yìn rẹ̀ Mọnsínyọ̀ tó ní ìgbànú aláwọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ Bíṣọ́ọ̀bù tó ní fìlà gíga, òrùka àti ọ̀pá.

“Ọ̀pá?” Ó tẹ̀ síwájú. “Ọ̀pá náà ga?”

“Ó ga, Bàbá. Ó ju Bíṣọ́ọ̀bù lọ.”

“Áà,” ó ní, bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀ lójú ọ̀nà. “Ó ga ju abẹ̀bẹ̀ lọ.”

Ohun tí Mẹ̀ Búà fẹ́

Ọjọ́ tí mo fẹ́ dágbére fún Mẹ̀ Búà kí n tó padà sílé, alùbọ́sà ni a jọ ń rẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ Mọ́dà fún un, mo sì sọ pé bó bá ṣe pé mo lè gbé bó ṣe ń gbé, pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, láìsí oyè, láìsí ojú ẹnikẹ́ni, ìyẹn tó mi. Mo bi í pé lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí, kí ló ń wá.

Kò rò ó rárá. “Mo fẹ́ tún ayé wá ní ọkùnrin.”

“Kí ẹ lè ṣe kí ni?”

“Kí n wọ aṣọ àwọ̀ ọsàn. Kí n jókòó sókè. Kí ẹlòmíràn máa rẹ́ alùbọ́sà.” Ó nu ojú. “Kí n sì gba abẹ̀bẹ̀. Èyí tó tóbi ju ti Bàbá Olórí.”

Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

“Mẹ̀, ṣé ojú kò ní tì yín? Gbogbo èèyàn á máa wò yín.”

“Ọmọ mi,” ó ní, “láti ìgbà tí mo ti fá orí yìí, ta ló wò mí? Wọ́n ń wo inú aṣọ yìí kọjá bí ẹni wo fèrèsé. Ìwọ nìkan lo kúnlẹ̀ fún mi rí.”

Ibi tí mo fẹ́ sá pamọ́ sí wà lóòótọ́, mo ti fi ojú mi rí i. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló sì ń wá ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Mo kúnlẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbé ọwọ́ alùbọ́sà lé mi lórí.

Ilé

Bí mo ṣe dé, ìyá mi ti rán aṣọ. Wọ́n ti yan orin tí wọ́n á kọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn Sìsítà. Mo gun ọ̀kadà, mo lọ sí Ọ̀wọ̀, mo kúnlẹ̀ fún Mọ́dà.

Mo ní, “Mọ́dà, kì í ṣe ayé ló ń lé mi. Ojú èèyàn ló ń lé mi. Mi ò fẹ́ fi ilé yín ṣe ibi tí mo ń sá pamọ́ sí.”

Mọ́dà rẹ́rìn-ín débi pé ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. “Bó bá jẹ́ pé gbogbo wa ló kọ́kọ́ rò ó tó báyẹn, ilé yìí ìbá ṣófo. Dìde. Mi ò ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tí o kò bá sá fún nǹkan kan, tó sì tún wù ọ́, máa bọ̀.”

Ó rọrùn láti sọ fún Mọ́dà. Ìyá mi ló kù. Mo sọ fún un nígbà tó ń gún iyán. Ọmọ odó dúró lókè.

“O ò lọ mọ́?”

“Ẹ má bínú, Màámi.”

“Mo rán ọ lọ gbé ọmọ, o lọ sọ́dọ̀ abọ̀rìṣà, wọ́n yí ọ lórí!” Ó bẹ̀rẹ̀ sí gún iyán náà bí ẹni tí iyán ṣẹ̀. “Kí ni kí n sọ fún ìyá Fáda? Kí ni kí n sọ fún ìlú? Ṣé kí n máa gbé ìdí rù padà sẹ́yìn ni, lójú gbogbo ayé?”

Òótọ́ ni ó béèrè. Ìtìjú tí mo sá fún ní gbogbo ayé mi ni mo fẹ́ gbé lé e lórí. A jẹ iyán yẹn tán. Kò ní kókó kankan.

Ní ọjọ́ ìsinmi, ó ṣáájú mi jáde. Nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti wà ní bẹ́ńṣì iwájú, ẹ̀gbẹ́ ìyá Fáda, pẹ̀lú gèlè tuntun. Mo lọ jókòó ní ẹ̀yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tiwa àtijọ́. Àwọn èèyàn ń yí ọrùn wò mí. Mo jẹ́ kí wọ́n wò. Ẹni tí ajá ti dúró wò ní ìlú òkèèrè, ojú ará Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ kò lè pa á.

Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ìyá mi wo ẹ̀yìn. Ó wo iwájú. Ó tún wo ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà mo rí i tó mú báàgì rẹ̀, tó dìde. Ọ̀nà láti iwájú sí ẹ̀yìn gùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn èèyàn sì wà ní ọ̀tún àti òsì. Ó gbé abẹ̀bẹ̀ páálí tí ẹgbẹ́ ìyá fún un síwájú ojú, ó fi bojú, ó ń bọ̀.

Ìyá kan nawọ́ sí i. “Ìyá Sìsítà, ṣé kò sí o?”

“Ìyá Bọ́sẹ̀dé,” ni ìyá mi dáhùn láti ẹ̀yìn abẹ̀bẹ̀. Kò dúró.

Ó dé ọ̀dọ̀ mi. “Sún,” ó ní. “Sún kẹ̀ẹ̀, ìrẹsì wọn ti fẹ ìdí rẹ.”

Mo sún. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀, kò kọ ọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé abẹ̀bẹ̀ náà kúrò lójú, ó wá ń fi fẹ́ atẹ́gùn sí ara àwa méjèèjì.